Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Mu Àlájì Eléyín

Òórùn ẹ̀pà ló máa ń jí mi nígbà yẹn, kì í ṣe àkùkọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá mi á ti dá iná ní ẹ̀yìnkùlé, á ti da yanrìn sínú agbada, á da ẹ̀pà lé e, ẹ̀pà á wá máa pariwo ṣáṣáṣá bí ẹni tí wọ́n múnú bí. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn gan-an. Èmi náà, wọ́n ti ń múnú bí mi láti kékeré. Ṣùgbọ́n òórùn kan tún wà lábẹ́ ti ẹ̀pà yẹn tó jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ ọ lónìí, ibi yòówù kí n máa lọ, màá dúró. Òórùn ìwé àtijọ́ ni. Ìwé tó ti pẹ́ nílé ẹlòmíì, tí òjò ti pa, tó tún ti gbẹ, tí ara ẹ̀ ti pọ́n bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà lẹ́yìn Ọjà-Ọba, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Kúlíkúlí ni ìyá mi ń tà, ìwé ló sì fi ń dì í. Náílọ́ọ̀nù ti wà nígbà yẹn o, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo darúgbó. Ìyá mi ló ní náílọ́ọ̀nù ń mú kúlíkúlí làágùn. Bélì ìwé àlòkù ló máa ń rà lọ́wọ́ obìnrin kan nínú ọjà, ìwé òyìnbó tó bá ọkọ̀ ojú omi wọlé, tí ò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kà á. Kò sí nǹkan tí ẹ ò ní bá nínú bélì yẹn. Ìwé ìṣirò wà níbẹ̀, ìwé bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe wà níbẹ̀, mo tiẹ̀ bá lẹ́tà ìfẹ́ ẹni ẹlẹ́ni níbẹ̀ rí. Ìyá mi ò bìkítà. Á ní, "Ìwé tí ò bá ti lè gbé oúnjẹ wá, kó wá gbé kúlíkúlí."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mo fa kọ́míìkì àkọ́kọ́, ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, yọ nínú bélì. Mo rántí pé ọwọ́ mi ṣì ní èèpo ẹ̀pà. Ilé gogoro kan wà níwájú ìwé yẹn, lórí òkè, òṣùpá wà lẹ́yìn ilé, igi kan tí ò léwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọkùnrin gígùn kan wá dúró láàárín. Aṣọ dúdú ló gbé kọ́rùn, inú aṣọ yẹn sì pupa bí epo. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ojú ọkùnrin yẹn kì í ṣe ojú rárá, tóótòòtóó kéékèèkéé ni wọ́n tò pọ̀ tó di ojú. Mo sún mọ́ ọn, mo sún sẹ́yìn, mo tún sún mọ́ ọn. Ẹ̀pà jóná lọ́jọ́ yẹn, mo sì jẹ ìgbájú.

Gẹ̀ẹ́sì mi ò ju ti kíkí olùkọ́ lọ, torí náà àwòrán ni mo ń kà. Aṣọ tí ọkùnrin yẹn wọ̀, lójú tèmi, àlùkíńbà ni, irú èyí táwọn ìjòyè ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ilé gogoro yẹn náà, ààfin ni. Ọkùnrin tó ń gbé ààfin, tó ń wọ àlùkíńbà, tí kì í jáde lọ́sàn-án, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun, mo ní èèyàn ńlá rèé. Mo sọ ọ́ ní Àlájì Eléyín, torí eyín ẹ̀ méjì kan gùn, wọ́n ṣe ṣónṣó. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wọ yàrá àwọn èèyàn, kó máa bù wọ́n jẹ lọ́rùn, kó máa mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ti bù jẹ á sùn bí òkú, òòrùn á máa gún un lójú, tó bá wá jí, ẹnu ẹ̀ á ti pọ́n. Òun náà ti di fámpáyà nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo tí Àlájì ń sá fún ni kí èèyàn fi igi méjì dábùú ara wọn, kó nà án sí i. Mo rò pé àmì àròpọ̀ ni. Wàláhì, mo rò pé ìṣirò ni wọ́n fi ń lé e! Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀, torí èmi náà, tẹ́ ẹ bá kọ àròpọ̀ síwájú mi, màá sá.

Kọ́míìkì pọ̀ nínú bélì yẹn, ṣùgbọ́n ìyá mi náà ń ta ọjà ẹ̀. Ẹ wò ó, inú tún ti ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Mo lè wà níbi tí Àlájì ti fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọmọbìnrin kan, oníbàárà á dé, ìyá mi á na ọwọ́, fàrà! Ó ti fa ojú ìwé yẹn ya, kúlíkúlí ti wà nínú ẹ̀, ó ti ń lọ sójú títì. Lọ́jọ́ kan mo sá tẹ̀lé obìnrin kan dé ẹnu ọjà, mo fa ìwé gbà lọ́wọ́ ẹ̀, kúlíkúlí dà sílẹ̀, obìnrin yẹn kígbe olè. Ìyá mi fà mí létí dé ilé. "Ìbínú ò da nǹkan fúnni, sùúrù ni bàbá ìwà. Módínátù, ta ló bí ẹ gan-an?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Irọ́ ni. Ata ló bí ẹ. Èmi kàn bá a gbé oyún ni."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán nìyẹn o. Àwọn tó ń bi mí lónìí pé ilé ẹ̀kọ́ wo ni mo ti kọ́ ọ, ẹ gbọ́ báyìí: ibi tí ìyá mi bá ti fa ìwé ya, ibẹ̀ lèmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, mo mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn, èmi ni mo ní láti wá àárín. Màá fi rúlà fa àpótí mẹ́fà sí ẹ̀yìn ìwé ilé ìwé mi, màá to Àlájì sínú ẹ̀, màá sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lẹ́nu. Àlájì tèmi máa ń kí èèyàn ní sálámà kó tó bù ú jẹ. Ilé ire ló ti wá.

Ojú ìwé tí wọ́n ti ya eyín ẹ̀ tóbi dáadáa ti bá kúlíkúlí lọ, mi ò wá mọ bí eyín yẹn ṣe rí tí ẹnu bá là. Ìyá Àgbà ni mo lọ bá. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi, yàrá ẹ̀ ni yàrá àkọ́kọ́ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Eyín méjì péré ló kù lẹ́nu ẹ̀ lókè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tọ̀tún wọ́ díẹ̀, tòsì sì gùn jù ú lọ. Ó ní àwọn yòókù ti lọ sí Mẹ́kà láì pè é. Kò lè jẹ obì mọ́, rírin ló máa ń rin ín lórí agolo mílíìkì tí wọ́n fi ìṣó lu, á wá kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu ẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é.

"Ìyá Àgbà, ẹ la ẹnu."

"Kí lo fẹ́ jí níbẹ̀, oníbìínú mi?"

Á sì là á. Á jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹnu á fi ro ó, èmi á máa yà á. Kò rí nǹkan tí mò ń ṣe. Mo ní mò ń ka eyín ni. Ó ní, "Ṣé o ò tíì kà á dé èjì ni?"

Wàhálà tó wá kù ni òru. Ìtàn Àlájì, òru ni gbogbo ẹ̀, bírò ò sì lè ṣe òru. Ẹ lọ dán an wò. Ẹ máa fi bírò kun ún títí, búlúù á máa dán lójú ìwé bí aṣọ ilé ìwé. Tàdáwà, íńkì tá a fi ń kọ wàláà nílé kéú, nìkan ló lè ṣe òru. Ẹ rántí bó ṣe máa ń dúdú, dúdú tó dà bíi pé èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo jí díẹ̀ nínú ti Àfáà wa, mo rọ ọ́ sínú ìgò oògùn ikọ́. Mo dán an wò lórí ìwé, ìwé fà á mu, ó sì já. Mo wá wo wàláà mi. Pákó tó mọ́, tó dán, tó fẹ̀ ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Mo mọ̀ pé kò dáa. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ tá a máa ń fọ wàláà tá a sì máa ń gba àyè títí di Sátidé. Lọ́jọ́ yẹn náà ni Àfáà kọ hántú orúnkún fún Ìyá Àgbà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, á gbẹ, wọ́n á fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ sínú igbá, aláìsàn á mu omi dúdú yẹn. Àfáà gbé e lé mi lọ́wọ́. "Gbé e fún Ìyá Àgbà. Tó bá gbẹ tán, kó fọ̀ ọ́, kó ṣe bìsìmílà, kó mu ún. Má sáré, má jà lọ́nà." Wàláà méjì ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń lọ sílé, ti Ìyá Àgbà tó kún, àti tèmi tó ṣófo.

Mo gbé ti Ìyá Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, mo sọ fún un pé ibẹ̀ ló wà. Mo wá lọ sẹ́yìn àgbá omi, mo ya ojú ìwé tó gbẹ̀yìn sórí wàláà mi. Àpótí kan ṣoṣo, ńlá. Àlájì dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin ẹ̀, àlùkíńbà fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹnu là, eyín méjì yọ, òru yí i ká. Subuhánálàhí, òru yẹn dúdú! Mi ò tíì mọ bó ṣe máa parí, torí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú gbogbo kọ́míìkì yẹn ló kọ́kọ́ ń bá kúlíkúlí lọ. Mo kàn fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Mo ní kó gbẹ kí n tó ronú sí i. Atẹ́gùn tó dáa jù nílé wa, ẹnu ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà ló wà. Mo gbé tèmi síbẹ̀, mo gbé e síwájú tiẹ̀.

Ìyá mi pè mí, ó ní kí n gbé kúlíkúlí fún oníbàárà kan lẹ́nu ọjà. Mo lọ, mo bọ̀.

Ìyá Àgbà jókòó sórí ẹní, ó ń fi etí ìborùn nu ẹnu. Igbá wà níwájú ẹ̀, nǹkan dúdú díẹ̀ kù ní ìsàlẹ̀. Wàláà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tutù, ó mọ́, ó funfun bíi pé wọn ò kọ nǹkan sí i rí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Hántú Àfáà ṣì wà níbẹ̀ pérépéré, lẹ́tà kan ò kúrò níbẹ̀.

"Oníbìínú mi," ó ní, "bá mi kí Àfáà. Tòní ò korò rárá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Ẹni tí Àlájì Eléyín bá bù jẹ lọ́rùn lásán ń di tiẹ̀. Ẹni tó wá gbé gbogbo ẹ̀ mì ńkọ́, àtòun àti ààfin àti òṣùpá? Kò sí nínú ìwé kankan. Mo ti wò ó.

Mo dúró, mò ń wò ó. Ó ní, "Bá mi fa kọ́tìnnì, òòrùn yìí ń gún mi lójú." Mo fa kọ́tìnnì. Ó dùbúlẹ̀, ó sì sùn, oorun tó wúwo, kò tiẹ̀ yíra padà. Mo lọ mú èédú nídìí ààrò, mo kọ àmì àròpọ̀ ńlá síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀, mo jókòó tì í. Wọ́n pe ìrun àlàásárì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìyá Àgbà, ẹ mọ̀ pé kí ládàánì tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tán, kẹ́tù àlùwàlá á ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ládàánì pè é tán. Ìyá Àgbà ò mira.

Mo jókòó síwájú kọ́tìnnì yẹn, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún. Tí mo bá sọ fún ìyá mi, iná ni páálí tí mo ń kó kọ́míìkì mi sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì máa wọ̀, èyí tí òyìnbó yà àti èyí tí èmi yà. Ó ti lérí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyá mi kì í lérí lásán. Tí mi ò bá sọ ọ́, bóyá Ìyá Àgbà máa jí fúnra ẹ̀, bóyá kò ní jí mọ́, bóyá ó máa jí kó wá bèèrè ọrùn mi. Mo ń ro gbogbo ẹ̀. Lójú mi, bíi pé mo gbé kọ́míìkì dání lọ́wọ́ kan, mo gbé Ìyá Àgbà dání lọ́wọ́ kejì, apá sì ń ro mí. Mo ní màá ka ení dé ogún. Mo ka ení dé eéje, mo dìde.

"Ìyá! Èmi ni o! Èmi ni mo ṣe é! Mo ti pa Ìyá Àgbà!"

Ṣíbí tó fi ń dín kúlíkúlí bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Mi ò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí títí dòní. Ó ń sáré, ó ń pariwo, "Mo gbé! Wọ́n á ní mo fọwọ́ ọmọ mi pa ìyá ọkọ mi!" Ó já wọ yàrá, mo wà lẹ́yìn ẹ̀. Inú yàrá ṣókùnkùn. Ìyá Àgbà ti gbọ́ ariwo, ó dìde jókòó díẹ̀díẹ̀. Obì tó kó sẹ́rẹ̀kẹ́ kó tó sùn ti ṣàn dé àgbọ̀n, ẹnu ẹ̀ pupa fòò. Ó wá rẹ́rìn-ín sí wa, pẹ̀lú eyín méjì yẹn.

Mo ké. Mo ké débi pé oníbàárà méjì wọlé láì bọ́ bàtà.

"Kí ló dé?" Ìyá Àgbà bèèrè. "Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá," ìyá mi dáhùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Èmi? Nígbà wo?"

Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ikun nímú, tàdáwà tí mo jí, wàláà, Àlájì. Ìyá mi yí padà, ó lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá wa, ó wọ́ páálí mi jáde, ó gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà kọjá, ó forí lé ẹ̀yìnkùlé níbi tí iná ẹ̀pà wà.

"Dúró," Ìyá Àgbà ní. Kò pariwo. "Nǹkan tó ti wà níkùn mi, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Gbé páálí yẹn sílẹ̀. Módínátù, sún mọ́ mi. Kí ni mo mu?"

Mo sọ ìtàn Àlájì Eléyín fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di páálí mú bí ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá Àgbà ń rin obì lórí agolo, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi eyín, ó ní, "Eyín ta lo fún un?"

Mi ò lè gbójú sókè. "Tiyín ni."

Ẹ̀rín tó rín, obì já bọ́ lórí agolo. "Ẹ gbọ́ o! Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ta ló tún wo ẹnu mi? Ọmọ yìí wá fi ṣe ẹwà fún Àlájì!" Ó nu ojú. "Nínú gbogbo ilé ńlá yẹn, ta ló ń dáná fún un?"

"Kò sí."

"Kò níyàwó? Kò lọ́mọ?"

"Mi ò rí wọn nínú ìwé."

"Ẹ̀n-hẹ́n. Ebi ni. Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ń na igi sí i. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, kó mu ún. Tí ò bá yó, kó tún padà wá bù."

Bí ìtàn yẹn ṣe parí nìyẹn. Ẹni tó mu ún ló parí ẹ̀. Orúnkún ló sì jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ o: ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni kò ti jẹ́ kó fojú kan oorun, ó wá sinmi díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó bú mi pé mi ò jí òun fún àlàásárì, ó lọ san án, ó tẹ àmì àròpọ̀ mi mọ́lẹ̀ kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀.

Ìyá mi ò gbà kó parí síbẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe." Kò bá mi dé ọ̀dọ̀ Àfáà lọ́jọ́ Sátidé. Ó tẹ̀lé mi dé ẹ̀bá ilé kéú, ó dúró, ó ní kí n wọlé. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ọmọ kéú. Ọ̀kan nínú wọn bi Àfáà pé ṣé hántú máa ń ní eyín ni, mo sì ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́, nǹkan tí mi ò ṣe rí láyé mi. Àfáà wò mí títí.

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n ti jí."

"Orúnkún wọn?"

"Wọ́n ní ó sàn díẹ̀."

Mo rí i tí irùngbọ̀n ẹ̀ ń gbọ̀n, ó wá yíjú sí ògiri. Nígbà tó yíjú padà, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. "Wàláà, ilé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Má tún gbé àlejò mìíràn wọ ibẹ̀ mọ́ láyé. Tàdáwà tó o jí, ìwọ lo máa sè é fún gbogbo ilé kéú, oṣù kan gbáko." Mo sè é. Mo ha dúdú ìdí ìkòkò, mo po oje igi mọ́ ọn, èéfín bà mí lójú jẹ́. Àfáà rò pé ìyà ni. Kò mọ̀ pé òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe òru.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn, tó bá ń tú bélì, ìwé tó nípọn tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo, á yọ ọ́ sọ́tọ̀, á jù ú sí mi bí ẹni ju egungun sí ajá. "Gbà. Òyìnbó gbàgbé láti kọ nǹkan sí ẹ̀yìn ẹ̀." Hántú tòótọ́, èmi ni mo fi ọwọ́ mi fọ̀ ọ́ fún Ìyá Àgbà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì tó mu Àlájì. Ó mu ún tán, ó fajú ro, ó wá sún mọ́ etí mi. "Eléyìí korò. Má sọ fún Àfáà o, ti Àlájì yẹn ló dùn."

Ìyá Àgbà ti di ẹni Ọlọ́run. Ilé ìwé gíga ni mo wà nígbà yẹn. Eyín méjèèjì wà lẹ́nu ẹ̀ títí tó fi lọ.

Ní báyìí, mo ní yàrá kékeré kan nítòsí Táíwò Road, lókè ilé aránṣọ kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń ya Àlájì Eléyín, ìwé odindi, bí ti àtijọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú tóótòòtóó lójú. Mo ń fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé, mo ń fi fóònù kun pupa inú àlùkíńbà. Òru nìkan ni mi ò fi fóònù ṣe. Tàdáwà ni, èmi ni mo sì ń sè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, ẹ̀pà ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pẹ́, ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Fámpáyà wo leléyìí? Eyín kan wọ́, ìkejì gùn jù ú lọ. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya eyín kó o tó wá da ojú wa láàmú."

Ha! Mo tẹ èsì. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀, mo gba ilé ìwé ẹ̀ kọjá, mo ti ń sún mọ́ bàbá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn bí ojú irin. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́. Mo wá ronú kan ọmọ tó jókòó síwájú kọ́tìnnì yẹn. Ọmọ yẹn máa ń jà ju báyìí lọ, ì bá ti tọpa ọmọkùnrin yìí délé, ì bá ti da kúlíkúlí ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan le, ó ka ení dé eéje, ó dìde, ó ní èmi ni, nígbà tó mọ̀ pé iná ń dúró de gbogbo nǹkan tó ní. Èmi tí mo dàgbà yìí, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo ti ṣàṣìṣe, tí mo pa á rẹ́ kíá kẹ́nikẹ́ni tó rí i. Ọmọ yẹn láyà jù mí lọ, kí n má tan ara mi. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo fi jù ú lọ ni pé mo ti lè dúró díẹ̀.

Mo dúró díẹ̀. Mo pa gbogbo èébú yẹn rẹ́, kò wù mí. Mo wá dá a lóhùn: "Eyín ìyá bàbá mi ni. Méjì péré ló kù lẹ́nu wọn. Mi ò ní tún un ṣe."